Ìfarabalẹ̀ Nínú Ọgbà

Láti Íńdíà ni yóógà ti wá: ara nínà, mímí jẹ́jẹ́ àti ìfarabalẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a lè ti ṣe é kò jìnnà sí wa.

Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó tó hẹ́kítà 75, a kì í ṣọdẹ, a kì í pẹja, a kì í dáko. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bọ fi ń rìn fàlàlà níbẹ̀. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, jà fún igbó náà títí ó fi kú ní 2009.

Ní Ẹnuwá níhìn-ín, ẹ̀yìnkùlé ni a ní, sìmẹ́ǹtì ni a sì ń dà sí i. Ẹyẹ kò ríbi bà, omi òjò kò ríbi wọlẹ̀.

Ẹ gbin akòko. Ẹ fi pèrègún ṣe ọgbà. Ẹ gbé àwo omi kalẹ̀ fún ẹyẹ. Ẹ má fín oògùn, nítorí kòkòrò ni ọ̀pọ̀ ẹyẹ fi ń bọ́ ọmọ. Lówùúrọ̀, ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, ẹ nawọ́ nasẹ̀, ẹ máa mí jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ́tí sí ẹyẹ. Èmi a máa ṣe é kí n tó lọ sí kíláàsì. Ọkàn mi a sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ọmọ tí kò rí igi akòko rí, báwo ni yóò ṣe mọ ewé tí bàbá rẹ̀ fi joyè?