Dò-Re-Mí Láti Ẹ̀yìn Ìyá: Ẹ̀kọ́ Orin fún Ọmọ Ọwọ́ àti Èdè Tí Yóò Sọ

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní àmì ohùn, dò, re àti mí la máa ń lò: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè. Orin la fi ń kọ́ wọn ní èdè, bí a ò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ẹ̀kọ́ orin fún ọmọ ọwọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdárayá lásán.

Ẹ wo ìyá tó pọn ọmọ, tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ara rẹ̀ ń mì, ọmọ sì ń fi ara gbọ́ bí orin náà ṣe ń rìn. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, nítorí orin ìbílẹ̀ wa kì í sábà ta ko ohùn ọ̀rọ̀. Ó tún ń dánu dúró kí ọmọ lè rẹ́rìn-ín tàbí kó dún kó tó máa bá orin lọ. Lílé àti gbígbè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 2012, David Gerry, Andrea Unrau àti Laura Trainor ti Yunifásítì McMaster ní Kánádà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Fún oṣù mẹ́fà, àwọn ọmọ olóṣù mẹ́fà kan ń kọrin, wọ́n sì ń lu nǹkan pẹ̀lú òbí wọn. Àwọn yòókù ń ṣeré bí orin inú ẹ̀rọ ti ń dún. Àwọn tó ń kọrin pẹ̀lú òbí ló ń nàka sí nǹkan, tí wọ́n ń juwọ́ ó dàbọ̀ jù. Ẹ̀rín wọn pọ̀ sí i, ó sì rọrùn láti rẹ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ orin o. Ènìyàn ló mú ìyàtọ̀ wá. (Ní ti pé orin Mozart ń sọ ọmọ ọwọ́ di ọlọ́pọlọ pípé, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n fi ṣe ìwádìí ọdún 1993 tó bí ìròyìn yẹn.)

Ní Ìlú Bìní níhìn-ín, ohun tí a sábà ń bá níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń kọ́ṣẹ́ ni fóònù tó ń kọrin Gẹ̀ẹ́sì, tí olùtọ́jú sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ tún un ṣe fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀. Ó tú orin Gẹ̀ẹ́sì kan sí Yorùbá, ṣùgbọ́n kò yí ohùn orin náà padà. Ibi tí ohùn ti gòkè, ‘ọkọ̀’ di ‘ọkọ́’, àwọn ọmọ sì ń gun ọkọ́ lọ sílé-ìwé. Àwa rẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ pé ẹ̀rín wà níbẹ̀. Àṣìṣe àtijọ́ ni. T. K. E. Phillips, olórí olórin Kàtídírà Krístì ní Èkó, ti tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music (1953), pé ó yẹ kí ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ mu.

Èdè Ẹ̀dó náà jẹ́ èdè olóhùn. Ọmọ Ẹ̀dó, Ẹsan, Urhobo àti Yorùbá lè jókòó sórí ẹní kan náà, a kò sì lè ní kí olùkọ́ gbọ́ gbogbo èdè wọn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án gbọ́ tirẹ̀. Kí a bẹ̀ ẹ́ kó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó kọ orin kan, kí olùkọ́ àti àwọn ọmọ máa gbè é.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde lọ kọ́ṣẹ́, a dábàá pé kó gba orin mẹ́wàá jọ láti inú ẹbí rẹ̀, kó fi àmì ohùn sí i, kó sì kọ ọ́ lójú wa. A ti bi kíláàsì kan léèrè orin tí wọ́n fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún rí. Ọ̀pọ̀ ní láti pe ilé lórí fóònù kí wọ́n tó lè dáhùn. Àwọn kan kò rí ẹni pè mọ́.