Bí A Ṣe Lè Pààrọ̀ Páàdì Bíréèkì Iwájú Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Nílé

Ọ̀rọ̀ ìwé owó ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, àmọ́ inú ìwé owó náà ló ti yọ.

Mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan wò, mo rí i pé wọ́n ra dísìkì bíréèkì iwájú méjèèjì fún píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó kòkó. Mo bi awakọ̀ wọn pé kí ló dé. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ti ń han tipẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ló ní kí n ṣì máa rọra lò ó títí kòkó yóò fi wọlé tán." Páàdì ti jẹ tán, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá ń ha dísìkì bí ayùn. Owó páàdì tí wọ́n rò pé àwọn fi pamọ́, owó dísìkì ló gbé e mì. Wọ́n tilẹ̀ ríre. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Èfọ̀n-Alààyè rí mọ ohun tí mò ń wí.

Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọ́ìlì yóò ti písítìnì, písítìnì yóò sì mú kí páàdì méjì há dísìkì tó ń bá táyà yí mọ́ àárín. Bí ọkọ̀ bá ń dúró, iwájú ni ìwúwo rẹ̀ ń wọ́ sí, ìdí nìyẹn tí bíréèkì iwájú fi ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́. Bí ohun tó ń jẹ lára páàdì bá ti ku nǹkan bíi mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ páàdì ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí yóò máa han bí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìpè ni irin náà ń pè yín.

Ìwé tí mo gbà ní Póli kò kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí ọkọ̀ tèmi ń dà mí láàmú. Awakọ̀ tó bá mọ sípánà lò lè ṣe é. Bí ẹ bá ń lọ ra páàdì, ẹ mú ti àtijọ́ dání kí wọ́n fi wé e, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà.

Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó sì le, ni kí ọkọ̀ wà. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé ọkọ̀. Bí ó bá ti gbé e tán, ẹ ti gẹdú igi tó nípọn tàbí irin ìdúró sábẹ́ ṣáásí. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì o! Ó lè fọ́ lójijì, èèyàn á sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ kan ni kí ẹ tú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè máa wo ìkejì bí ohun gbogbo ṣe tò. Ẹ yọ táyà, ẹ tú bọ́ọ̀tì tó di kálípà mú, ẹ gbé kálípà kúrò, kí ẹ sì fi wáyà so ó rọ̀ sára irin mìíràn. Kó má ṣe fi rọ́bà ọ́ìlì rọ̀, rọ́bà náà lè ya nínú láìhàn síta. Nínú àwọn píkọ́ọ̀pù kan, irin gígùn méjì péré ni ẹ óò fà yọ, páàdì á jáde láìtú kálípà.

Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku ibẹ̀. Àwọn páàdì kan ní ásbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí Ìlú Ọba fi òfin dè pátápátá lọ́dún 1999. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ wo dísìkì náà: bí ó bá sán, tàbí tí ó ti gbẹ́ kòtò, páàdì tuntun nìkan kò lè wò ó sàn.

Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì bíréèkì. Bí ó bá kún, ẹ fa díẹ̀ jáde, nítorí pé yóò rú sókè, ó sì ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ gbé páàdì àtijọ́ lé písítìnì, ẹ fi kílám̀pù tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ bíréèkì ní àkókò yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ písítìnì yóò fò jáde. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì tó ń jò tàbí rọ́bà písítìnì tó ya, ó ti kọjá iṣẹ́ ilé nìyẹn, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ẹ fi gíríìsì tó gba ooru pa irin tí kálípà ń yọ̀ lé. Gíríìsì kò gbọdọ̀ kan ojú páàdì tàbí dísìkì rárá. Ẹ to páàdì tuntun, ẹ fún bọ́ọ̀tì le, ẹ dá táyà padà, ẹ sì máa fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ìdojúkọra. Bí ọkọ̀ bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ tún wọn fún le dáadáa.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbàgbé nìyí: kí ọkọ̀ tó sún ẹsẹ̀ kan, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ yóò lọ kanlẹ̀ ni, nítorí písítìnì ti wọlé. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ara ògiri ni yóò ti rántí. Lẹ́yìn náà, ẹ bu ọ́ìlì kún un, irú èyí tí wọ́n kọ sára ìdérí, DOT 3 tàbí DOT 4. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì yóò ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ gbé ọkọ̀ lófìfo lọ sí ojú ọ̀nà tó dá. Ẹ sáré dé nǹkan bíi kìlómítà 50 láàárín wákàtí, ẹ fi bíréèkì rọra dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dúró, nígbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí páàdì lè bá dísìkì mu. Bí bíréèkì bá ń rọ̀ lẹ́sẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má tíì di ẹrù sí i.

Kí akọ̀wé kọ ọjọ́ náà, iye kìlómítà tó wà lójú aago ọkọ̀, àti iye owó tí ẹ ra páàdì sínú ìwé ọkọ̀. Bí mo bá dé, èmi yóò béèrè rẹ̀.