Kí Bíréèkì Má Baà Já Wa Kulẹ̀ ní Pápá Eré-ìje

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè sanwó kí ó sì gbé e wọ pápá eré-ìje fún odidi ọjọ́ kan. Wọ́n ń ṣe é ní pápá Bugatti ní ìlú Le Mans, àti ní Dijon-Prenois. Kì í ṣe ìdíje. Kò sí ife-ẹ̀yẹ níbẹ̀. Bí ọmọ Kétu tàbí ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń gbé lọ́hùn-ún bá fẹ́ dán an wò, agbára ẹ́ńjìnnì ni yóò kọ́kọ́ máa rò. Àwa ní tiwa, bíréèkì ni a óò kọ́kọ́ bi í léèrè.

Iṣẹ́ bíréèkì ni láti sọ eré di ooru. Bí ọkọ̀ tó wọn kílógíráàmù 1200 bá ń sá eré 200 kìlómítà ní wákàtí kan, tí a sì dá a dúró pátápátá, ooru tó jáde níbẹ̀ tó láti mú lítà omi mẹ́fà hó. Bí eré náà bá jẹ́ 100, ooru ọ̀hún kò ju ti lítà kan àbọ̀ lọ. Lójú títì, a lè tẹ bíréèkì gidigidi lẹ́ẹ̀kan, kí afẹ́fẹ́ sì ti fẹ́ ẹ tutù kí a tó tún tẹ̀ ẹ́. Ní pápá, kọ́nà kan kì í tíì tán tí òmíràn fi ń dé.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí ti pẹ́. Láyé àtijọ́, inú dírọ́ọ̀mù ni bíréèkì ọkọ̀ eré-ìje ń wà, ooru a sì há sínú rẹ̀ bí èéfín inú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ní 1953, Jaguar gbé C-Type wá sí ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans pẹ̀lú disque tí Dunlop ṣe, tó wà ní gbangba fún afẹ́fẹ́. Tony Rolt àti Duncan Hamilton ni wọ́n wà á dé ipò kìíní. Ferrari tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi ju tiwọn lọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Jaguar lè sún mọ́ kọ́nà jù kí ó tó tẹ bíréèkì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré lọ ra disque ńlá àti étrier pupa, nítorí pé ojú ń rí wọn. Liquide de frein, tí ojú kì í rí, ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Òun ni ń gbé agbára ẹsẹ̀ wa dé ìdí táyà, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí iyọ̀ ìgbà òjò. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 gírédì; bí ó bá ti mu omi, ó lè hó ní 155. Bí ó bá hó, atẹ́gùn á wọ inú rẹ̀, atẹ́gùn kì í sì í dúró fún ìtẹ̀. Pédáálì á lọ kan ilẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ. DOT 5.1 ń fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a má ṣì í mú fún DOT 5 oní-silikóònù, tí kì í bá àwọn yòókù pò.

Ó wá kan plaquette. Ti ojú títì a máa yọ̀ bí ooru bá pọ̀ jù. Ti eré-ìje gidi a fara dà á, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ tútù kì í di disque mú dáadáa. Ẹni tí yóò fi ọkọ̀ kan náà gbé ọmọ lọ sí iléèwé, kí ó mú èyí tó wà láàárín.

Disque ńlá ńkọ́? Kò burú, àmọ́ táyà ni ń di ilẹ̀ mú. Ẹni tó fi èyí tó tóbi sí iwájú nìkan, tó sì da ìwọ̀n iwájú àti ẹ̀yìn rú, lè rí i pé ọkọ̀ òun ń jìnnà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí ó tó dúró. Lójú tiwa, ihò tí ń darí afẹ́fẹ́ sí àárín disque sàn jù ú lọ.

Bí eré bá parí, a kì í wọlé kí a kàn fa frein à main. A ó yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan jẹ́jẹ́ láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà a ó fi ọkọ̀ sí jíà kìíní kí a tó pa ẹ́ńjìnnì, nítorí plaquette tó gbóná lè lẹ̀ mọ́ disque.