Kásẹ́ẹ̀tì fídíò: Ọ̀run Móoru
Sinimá, 1982. Olùdarí: Ọlá Balógun. Olú òṣèré: Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (Bàbá Sàlá)

Ta ni kò mọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí, pẹ̀lú aago ràgàjì àti bóotáì ńlá rẹ̀? Nínú sinimá yìí, oníjìbìtì kan gba owó rẹ̀ pé òun yóò sọ ọ́ di púpọ̀. Aláwàdà wa di ẹdun arinlẹ̀, ó fẹ́ para rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ lọ́run.

Ẹ wo ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà. Bí wọ́n bá ti ká ike kékeré igun rẹ̀, ẹ̀rọ kò ní gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀ mọ́, àyàfi bí wọ́n bá fi sẹ́lótéèpù dí ihò náà. Ṣùgbọ́n ike yẹn kò lè dá ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà dúró: ẹ̀rọ méjì àti wáyà ti tó. Ẹ̀dà olè sinimá yìí gba ìgboro, gbèsè sì wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn. (Oníjìbìtì inú eré ṣì sàn, a rí ojú rẹ̀.)

Ọjà Alábà, ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, di ojúkò títa fíìmù lẹ́yìn náà, àti ojúlówó àti ayédèrú. Bàbá Sàlá tún ṣe Ààrẹ Àgbáyé àti Moṣebọ́látán. Ó kú ní 2018.