Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò káńsù ní Ọ̀jọ́ àti bí wọ́n ṣe ń kà á ní Áyálándì

Káńsù mẹ́ta ló wà lórí ilẹ̀ tí ìwé òfin àgbà Nàìjíríà mọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́: Ọ̀jọ́ fúnra rẹ̀, Ìbà, àti Ọ̀tọ̀-Àwórì tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìjànìkín. Ọ̀jọ́ nìkan ló wà lára ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí ìwé òfin náà kà. Àwọn méjì yòókù, ọdún 2003 ni wọ́n dáyé, nígbà tí ìjọba Bọ́lá Tinubu sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà l'Ékòó di 57. Inú Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kò dùn sí i, ó sì di owó àwọn káńsù Èkó mú ní 2004. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó náà mú. Ó ní Èkó lágbára láti dá káńsù tuntun sílẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀hún kò tíì parí àfi bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Wọn kò kọ ọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Ìbà àti Ọ̀tọ̀-Àwórì ní agbègbè ìdàgbàsókè, tí kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ gan-an.

Ẹni tó ń lọ dìbò kò rí gbogbo èyí. Àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀, LASIEC, ló ń ṣètò ìbò káńsù, orúkọ olùdìbò tí INEC, àjọ elétò ìdìbò àpapọ̀, ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n sì ń lò. Olùdìbò yóò tẹ̀ka fún alága, tí igbákejì rẹ̀ bá a wọlé, yóò sì tẹ̀ka fún káńsẹ́lọ̀ kan fún wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìwé òfin àgbà sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, tàbí láti díje níbẹ̀, ló lẹ́tọ̀ọ́ kan náà ní káńsù. Kò béèrè ìlú tí bàbá rẹ̀ ti wá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ìbò tán, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ló wọlé, ì báà jẹ́ pé ìbò kan péré ló fi ju ẹnì kejì lọ.

Ọ̀nà yìí rọrùn, ó sì yá. Ibi tó ti ń fi nǹkan ṣòfò kì í hàn àfi téèyàn bá ṣírò rẹ̀. Ká ní ìbò 6,000 ló jáde ní wọ́ọ̀dù kan, tí ẹgbẹ́ kìn-ín-ní gba 2,500, tí ìkejì gba 2,000, tí ìkẹta gba 1,500. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ló gba wọ́ọ̀dù náà. Àwọn 3,500 tí wọ́n fẹ́ ẹlòmíràn kò rí ẹnikẹ́ni rán lọ sí káńsù. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo wọ́ọ̀dù, ẹgbẹ́ tí kò tó ìdajì ìlú lè kó gbogbo àga káńsù láì ku ẹyọ kan.

Ní ìbò ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ APC gba àga alága 57 tó wà l'Ékòó pátápátá. Nínú àga káńsẹ́lọ̀ 376, wọ́n gba 375. Ẹyọ kan tó kù bọ́ sọ́wọ́ PDP, Yábà ló sì wà. Ó yẹ kí èèyàn rántí ọdún 2023 kó tó gbé èyí yẹ̀ wò. Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, Labour Party fi ìbò 582,454 borí APC tó ní 572,606 ní Èkó nínú ìbò ààrẹ, Ọ̀jọ́ sì wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí Labour Party ti ṣíwájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìgbà náà, nínú ìbò gómìnà, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ àfi Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ìlú tó ń fò síwá sẹ́yìn báyìí kì í ṣe ìlú ẹgbẹ́ kan. A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀nà ìkàbò ṣá. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa ń jáde fún ìbò ààrẹ ló ń sùn sílé lọ́jọ́ ìbò káńsù. Àwọn ẹgbẹ́ alátakò sì máa ń ráhùn pé gómìnà ló ń yan àwọn tó ń darí LASIEC. Síbẹ̀, èyí tó kéré nínú ìbò kì í rí nǹkan kan gbà níbi tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ń wọlé.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ọ̀jọ́ ju ibòmíràn lọ nítorí irú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àwórì ló ni ilẹ̀. Ọlọ́jọ̀ọ́ wà ní Ọ̀jọ́, Oníbà sì wà ní Ìbà. Àwọn Ègùn wà níbẹ̀ tipẹ́. Àwọn Ìgbò ló pọ̀ jù nínú àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ní ọjà Alábà. Láti 1983 tí wọ́n ti dá yunifásítì LASU sílẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ti ń gbé Ìbà àti Okókómàìkó. Wọn kò pín sí àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yà kan lè jẹ́ ìdámẹ́rin gbogbo ibẹ̀ kí wọ́n má sì pọ̀ jù níbì kankan, nígbà tí ìbò bá sì dé, ó di pé kí wọ́n lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó lágbára tàbí kí wọ́n jókòó sílé.

Ní Áyálándì, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà. Káńsù 31 ló wà níbẹ̀, àga káńsẹ́lọ̀ jẹ́ 949, wọ́n sì ń dìbò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Èyí tó kẹ́yìn wáyé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Agbègbè ìdìbò kan kì í yan ẹnì kan ṣoṣo. Mẹ́ta ló kéré jù tó ń yàn, méje ló pọ̀ jù. Olùdìbò kì í tẹ̀ka rárá: yóò mú pẹ́ńsùlù, yóò kọ 1 síwájú ẹni tó wù ú jù, 2 síwájú ẹni tó tẹ̀ lé e, 3, 4, títí dé ibi tó bá wù ú. Ó lè kọ 1 nìkan kó sì máa lọ. Ó lè fún ẹgbẹ́ kan ní 1 kó fún ọ̀tá ẹgbẹ́ náà ní 2.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Ọ̀jọ́ kó lè yéni. Ká ní wọ́n da Ìbà, Okókómàìkó àti Àjàngbádì pọ̀ di agbègbè ìdìbò kan tó ní àga márùn-ún, tí ìbò 6,000 sì jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ wá òṣùwọ̀n, ìyẹn iye ìbò tó tó láti gba àga kan. Wọ́n á fi ọ̀kan kún iye àga kó di mẹ́fà, wọ́n á fi mẹ́fà pín 6,000 kó di 1,000, wọ́n á sì fi ìbò kan lé e: 1,001. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàdédé mú nọ́ńbà náà. Bí èèyàn márùn-ún bá ní 1,001 lọ́kọ̀ọ̀kan, 5,005 ti lọ, 995 ló kù, ẹnì kẹfà kò sì lè bá wọn dọ́gba mọ́.

Wàyí o, wọ́n ka nọ́ńbà 1 tí olùdíje kọ̀ọ̀kan ní. Ẹnì kan ní 1,400. Ó ti wọlé, àmọ́ ó fi 399 lé lórí ohun tó nílò. Ìbò 399 yẹn kò gbọdọ̀ ṣòfò. Wọ́n á wo nọ́ńbà 2 tó wà lórí gbogbo ìwé rẹ̀, wọ́n á sì ta àtaré 399 sí àwọn tí olùdìbò dárúkọ, bí iye nọ́ńbà 2 tí kálukú ní bá ṣe tó. Bí kò bá sí ẹni tó tún ti kún òṣùwọ̀n, ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ká ní ó ní 150, ni wọ́n á yọ kúrò, wọ́n á sì ta àtaré gbogbo ìwé rẹ̀ sí nọ́ńbà tó kàn. Báyìí ni wọ́n á máa yọ, tí wọ́n á máa ta á, títí àga márààrún fi kún. Bí àwọn kan ní agbègbè náà bá ní ìbò 1,100 láàárín ara wọn, tí olùdíje mẹ́ta sì pín in mọ́wọ́, ní Ọ̀jọ́ òde òní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kùnà. Nínú ètò yìí, bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà ara wọn, ìbò àwọn méjì tó kéré á ṣàn lọ bá ẹni tó tóbi jù, ẹnì kan á sì wọlé.

Àyípadà tí èyí ń mú bá ìwà àwọn olóṣèlú ló yẹ kí èèyàn dúró lé lórí. Olùdíje tó bá bú alátakò rẹ̀ gidigidi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé nọ́ńbà 2 sẹ́yìn, nítorí náà ó máa ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ rẹ̀, tí yóò máa ṣípẹ̀ pé bí nọ́ńbà 1 kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n jọ̀wọ́ fún òun ní 2. Ẹgbẹ́ ńlá máa ń fa èèyàn méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀ ní agbègbè kan, àwọn wọ̀nyí á sì di orogún ara wọn. Àwọn tó ń dá ètò náà lẹ́bi sọ pé ìdí nìyẹn tí káńsẹ́lọ̀ fi ń sáré kiri lórí kòtò ojú títì àti iná àdúgbò ju lórí ọ̀ràn tó kan gbogbo ìlú lọ. Kíkà rẹ̀ tún máa ń pẹ́, ọjọ́ bíi mélòó kan nígbà mìíràn, tí àwọn aṣojú olùdíje á sì dúró lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n á máa wo ìwé kọ̀ọ̀kan. Ní ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀sán ọjọ́ ìbò tó pọ́n, ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìlú Sligo ní Áyálándì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ètò nọ́ńbà yìí wò, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1919, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé Áyálándì lórí. Gbèsè ti wọ káńsù ìlú náà lọ́rùn, àwọn tó ń san owó orí tó pọ̀ jù, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Pùrọ̀tẹ́sítáǹtì láàárín àwọn Kátólíìkì, sì ń fẹ́ àga. Ẹgbẹ́ wọn gba 8 nínú àga 24. Nígbà tó di 1920, gbogbo káńsù orílẹ̀-èdè náà ló ń lò ó. Ìjọba wọn bẹ àwọn aráàlú ní 1959 àti 1968 pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n pa á tì nínú ìbò ilé aṣòfin, aráàlú sì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Òfin Áyálándì tún gba àjèjì láàyè. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ibẹ̀, tó sì ti pé ọmọ ọdún 18, lè dìbò káńsù kó sì díje, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹnu ọ̀nà yìí ni Rótìmí Adébárí gbà wọlé. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ó dé Áyálándì ní 2000, ó wá ibi ìsádi, ó sì wọ káńsù Portlaoise ní 2004 láì lẹ́gbẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni dókítà ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Táíwò Matthew, wọ káńsù Ennis. Nígbà tó di 2007, àwọn káńsẹ́lọ̀ akẹgbẹ́ Adébárí yàn án ṣe olórí ìlú, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní Áyálándì. Yẹmí Adénúgà náà wọ káńsù Meath ní 2019 lábẹ́ ẹgbẹ́ Fine Gael, wọ́n sì tún un yàn ní 2024.

Ìpín àga ní ìwọ̀n ìbò kì í ṣe ohun àjèjì ní etí ilé. Ẹni tó bá gba títì Àgbádárìgì láti Okókómàìkó, tó kọjá Sẹ̀mẹ̀, ti wọ orílẹ̀-èdè Benin tó ń lo irú rẹ̀, àmọ́ orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń dìbò fún níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ èèyàn. Ní ìbò káńsù Benin ti 2020, òfin sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìbò jákèjádò orílẹ̀-èdè kò ní gba àga kankan. Ẹgbẹ́ PRD, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́, kò dé ibẹ̀. Àwọn ará Àjàṣẹ́ dìbò fún un, káńsù ìlú wọn sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Irú òfin kékeré bẹ́ẹ̀ lè yí ètò náà padà kúrò ní ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ alága. Àga káńsẹ́lọ̀ ṣeé pín, ti alága kò ṣeé pín. Ní púpọ̀ jù lọ nínú àwọn káńsù Áyálándì, àwọn káńsẹ́lọ̀ fúnra wọn ló ń yan olórí wọn lọ́dọọdún, agbára rẹ̀ kò sì tó ti alága Ọ̀jọ́ tàbí ti Ìbà. Limerick nìkan ló yàtọ̀: ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, aráàlú ló yan olórí ìlú wọn, John Moran. Nọ́ńbà 1, 2, 3 náà ni wọ́n lò. Níbi tí àga bá jẹ́ ẹyọ kan, òṣùwọ̀n á di ìdajì ìbò pẹ̀lú ọ̀kan lé, wọ́n á sì máa yọ ẹni ìsàlẹ̀, tí wọ́n á máa ta ìwé rẹ̀ látaré, títí yóò fi ku ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù nínú àwọn ìwé tó ṣẹ́ kù.