Rélùwéè Àtijọ́: Ẹrù Ta Ni Yóò Gba Orí Afárá Jẹ́bà?

Ojú irin kò dé Àkúrẹ́ àti Oǹdó rí. Èyí tí ìjọba amúnisìn là láti Èkó dé Ìbàdàn, kó tó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sókè, tírélà ló fi kòkó tiwa sílẹ̀ fún. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ afárá irin Jẹ́bà, tí ojú irin náà ń gbà kọjá odò Ọya láti 1916, kan ẹni tó ń tajà ní Arákálẹ̀, ní Àkúrẹ́. Títì ni ẹ̀wà àti àlùbọ́sà Òkè Ọya ń gbà wọ ọjà wa, owó epo àti ìyà ojú ọ̀nà sì ti wà nínú iye tí à ń rà wọ́n. Láti ìjọba dé ìjọba la ti ń gbọ́ ìlérí pé ojú irin àtijọ́ máa jí. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Kánò tiẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2012, kò kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tírélà ni.

Fífẹ̀ ojú irin ni àríyànjiyàn dá lé jù. Ti àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 1,067. Ti tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021 jẹ́ 1,435. Àwọn kan ní kí a pa ti àtijọ́ tì nítorí pé ayé ti kọjá ibẹ̀. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n, torí ọ̀pọ̀ ojú irin Japan ṣì jẹ́ 1,067, òun náà sì ni Gúúsù Áfíríkà fi ń kó èédú tó wúwo lọ sí etíkun. Àwọn mìíràn ní afárá náà ti gbó jù. Afárá Forth ní Scotland ti ń gbé ọkọ̀ ojú irin láti 1890, nítorí pé wọ́n ń kùn ún lọ́dà, wọ́n sì ń pààrọ̀ irin tó bá jẹ. Àìtọ́jú ń pa afárá ju ọjọ́ orí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Jẹ́bà lè gbé, kó rán òmùwẹ̀ lọ wo ìdí òpó tí omi ń gbẹ́, kó yẹ gbogbo irin tó dógùn-ún wò, kó tó dárúkọ iye tọ́ọ̀nù. Ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ká tiẹ̀ ní afárá yege, ẹrù ta ni yóò gbà á kọjá? Ní Poughkeepsie, ìpínlẹ̀ New York, iná jó afárá rélùwéè ní 1974. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà ní 2009, àwọn afẹsẹ̀rìn ni wọ́n ṣí i fún, torí ẹrù ti bá ọ̀nà mìíràn lọ. Àwọn kan á ní bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń rìn, ẹrù á wá. Oníṣòwò tí àlùbọ́sà rẹ̀ lè rà kò ní kó o sínú ọkọ̀ tí kò mọ ọjọ́ tí yóò dé. Láti 2023 ni òfin orílẹ̀-èdè ti fún ìpínlẹ̀ láyè nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè. Kí Oǹdó, Èkìtì àti Ọ̀ṣun lo àyè náà: kí wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà ṣàdéhùn iye ẹrù tí yóò máa sọ̀ ní Òṣogbo, kí wọ́n sì ya owó ìtọ́jú ọdọọdún sọ́tọ̀ kí kọngílá tó gba kọ́bọ̀. Ìlérí tí kò bá ti ní àdéhùn ẹrù àti owó ìtọ́jú nínú, kí ará ìlú má gbà á.