Ibo ni ọ̀dọ́langba ń sùn?

Nínú ilé oníyàrá méjì, òbí a mú ọ̀kan, ìkejì a di ti gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹni ọdún 4 ń fọ́n nǹkan ìṣeré káàkiri, ẹni ọdún 16 tó ń múra WAEC kò rí ibi gbé ìwé lé.

Agboolé àtijọ́ ní ètò tirẹ̀. Yàrá kéré, ó sì ṣókùnkùn. Oorun àti ẹrù nìkan ló wà fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká ni wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń ṣeré. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ti ń tẹ́ ẹní sùn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí ọmọbìnrin sì ń sùn ti ìyá tàbí ìyá àgbà. Ọmọ kò ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tó lè yà sí.

Nígbà tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó bọ́ lóko ẹrú, ti Brazil dé ní ọ̀rúndún 19, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà l'Ékòó, wọ́n kọ́ ilé tí ọ̀nà kan là láàárín, tí yàrá tò sí i lọ́tùn-ún lósì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀. Nígbà tó yá, onílé ń fi yàrá kọ̀ọ̀kan háyà, ló bá di Face-me-I-face-you: odindi ìdílé nínú yàrá kan. Lójú àjọ UN-Habitat, yàrá tí ènìyàn ibẹ̀ bá ju 3 lọ ti há jù.

Ọ̀dọ́langba ni ìhámọ́ yìí ń ni lára jù. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ti yí padà débi pé oorun kì í tètè kùn ún lálẹ́ bíi ti ọmọdé. Tẹlifíṣọ̀n tí àgbà ń wò di aago 11 ń jẹ nínú oorun náà. Fóònù ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ń jẹ èyí tó kù. Ó sàn kó máa gba iná lọ́dọ̀ òbí.

Kò dìgbà tí a bá wó ògiri kí ọmọ tó ní àyè tirẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a gbé dábùú yàrá, tábìlì lábẹ́ fèrèsé, ibùsùn onípele méjì: gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Fún ọmọbìnrin, àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, níbi tí yóò kó nǹkan oṣù rẹ̀ sí, ṣe pàtàkì ju ọ̀dà ara ògiri lọ.

Àwọn òbí kan gbà pé ọmọ tó bá fẹ́ kọ́tìnnì ń fi nǹkan pamọ́ ni, pé àṣà òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ní kọ́ Yorùbá láti máa kágò kó tó wọlé? Nínú yàrá kan ṣoṣo pàápàá, ìyá lè dúró níwájú kọ́tìnnì, kó ní "Àgò o!", kó sì ní sùúrù títí ọmọ yóò fi wọṣọ tán.